Òórùn Inú Ike Tínà

Ẹni tó bá gba àdúgbò Under G lọ sí Yunifásítì LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù káfíńtà tàbí ibi tí wọ́n ti ń kun mọ́tò, imú rẹ̀ á ti pàdé òórùn kan tó dùn díẹ̀, tó sì ń ta síni lórí. Tínà, omi tí wọ́n fi ń tú ọ̀dà, ni. Kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní tólúìnì wà nínú ọ̀pọ̀ tínà.

Inú epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń rí i lónìí. Oje igi Tolú, láti Kòlóńbíà, ló fún un lórúkọ. Ó mọ́ gaara bí omi, àmọ́ òun àti omi kì í pò: orí omi ló ń léfòó sí. Ọ̀dà, fáníìṣì, gọ́ọ̀mù àwọn oníbàtà, gbogbo rẹ̀ ló ń yọ́. Tó bá ṣiṣẹ́ tán, á fẹ́ lọ, ọ̀dà á sì gbẹ.

Ibi tó ti léwu gan-an rèé. Láti nǹkan bí ìwọ̀n 4 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì ni ooru tó ń fẹ́ jáde lára rẹ̀ ti lè gbiná. Ọyẹ́ wa gan-an kì í sábà tutù tó bẹ́ẹ̀! Ooru náà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń rá gbà, títí á fi bá ààrò alákàrà tàbí jẹnẹrétọ̀ pàdé. Tó bá gbiná, ẹ má da omi sí i. Yanrìn ni kí ẹ bù lù ú. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ sì dé ike yín.