Ẹni tó Dúró Kò Jókòó: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Òbí àti Ọmọ tí Yunifásítì Ní Kí Wọ́n Ṣì Máa Dúró

  

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kan àwọn ọmọ wa tó wà ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń wá àyè sí yunifásítì. Láti oṣù kẹta sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin ni èsì sábà máa ń dé. Àwọn kan á gbọ́ pé a gbà wọ́n, àwọn kan á gbọ́ pé a kò gbà wọ́n. Ẹ̀ka kẹta ló máa ń da ilé rú: àwọn tí a kọ orúkọ wọn sínú ìwé ìdúró. Yunifásítì rí i pé ọmọ náà kúnjú òṣùwọ̀n, ṣùgbọ́n kò sí àyè fún un. Ó fẹ́ kọ́kọ́ mọ iye àwọn tó gbà tí kò ní wá, kí ó tó mọ̀ bóyá àyè yóò ṣẹ́ kù.

Ẹ jẹ́ kí n fi ojú onímọ̀ èdè wò ó díẹ̀. Nínú èdè wa, “wọn kò gbà á” yàtọ̀ sí “wọn kò tíì gbà á”. “Tíì” kékeré yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ rọ̀ mọ́. Bàbá tó bá ka “kò tíì” sí “kò” yóò bá ọmọ rẹ̀ wí lásán. Ìyá tó bá kà á sí “wọ́n ti gbà á” yóò se àsè kí ọjọ́ tó pé. Bákan náà, “dúró” tí a ń lò fún ẹni tó ń retí nǹkan ni a ń lò fún ẹni tó wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó dúró kò jókòó. Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ kìíní ni èsì. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, ọmọ fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ pé òun fẹ́ dúró kí orúkọ rẹ̀ tó wà nínú ìwé náà. Bí ó bá dákẹ́, wọn yóò gbà pé ó ti lọ.

Iṣẹ́ kejì ló wúwo jù: kí a mú àyè kan dání níbòmíràn. Ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ni ọ̀pọ̀ yunifásítì fi ṣe gbèdéke owó àsansílẹ̀. Ní 2024, nígbà tí fọ́ọ̀mù FAFSA tuntun fa ìdádúró, ọ̀pọ̀ wọn sún ọjọ́ náà síwájú. Nítorí náà, ẹ ka lẹ́tà tiyín dáadáa. Lẹ́yìn gbèdéke yìí ni wọ́n sábà máa ń padà sórí ìwé ìdúró. Ẹni tó bá kọ̀ láti sanwó níbi tí wọ́n ti gbà á, nítorí pé ó ń dúró de ibi tó wù ú, lè pàdánù méjèèjì. Ẹnìkan lè ní ẹni tó lé eku méjì yóò pòfo. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n eku kan ti wà nínú àpò níhìn-ín. Ẹnu àpò ni kí a kọ́kọ́ so. Bí ibi kejì bá gba ọmọ lẹ́yìn náà, owó àkọ́kọ́ kì í sábà padà. Ohun tí kò bójú mu ni kí a sanwó àsansílẹ̀ sí yunifásítì méjì lẹ́ẹ̀kan náà, torí àyè ọmọ ẹlòmíràn la fi ń dí.

Iṣẹ́ kẹta ni lẹ́tà, bí yunifásítì bá fàyè gbà á. Ọmọ ni kó kọ ọ́, kí òbí má kọ ọ́ fún un. Ojú ewé kan ti tó. Kó sọ ohun tuntun tó ti ṣẹlẹ̀: máàkì tó gòkè, ẹ̀bùn tó gbà, iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá dá a lójú pé òun yóò wá bí wọ́n bá gba òun, kó sọ bẹ́ẹ̀. Bí kò bá dá a lójú, kó má parọ́. Lẹ́yìn èyí, àṣejù ni baba àṣetẹ́. Kí òbí máa pè wọ́n lójoojúmọ́, tàbí kó máa wá ẹni tó mọ ẹni, kò ní ran ọmọ lọ́wọ́.

Iṣẹ́ kẹrin: kí ọmọ má fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀. Èsì ìparí ọdún rẹ̀ yóò dé ibi tó ti sanwó, ibi tó ń dúró dè náà sì lè béèrè rẹ̀.

Iṣẹ́ karùn-ún: ẹ ṣírò owó. Àwọn yunifásítì kan wà tí kì í wo agbára owó òbí nígbà àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n tí wọ́n máa ń wò ó nígbà tí wọ́n bá ń mú ọmọ láti inú ìwé ìdúró. Owó ìrànwọ́ náà lè ti dín kù. Ìpè lè dé ní oṣù karùn-ún, ó lè di oṣù keje, ọjọ́ díẹ̀ péré ni wọ́n sì lè fún yín láti dáhùn. Kí ìpè tó dé ni kí ẹ ti jọ fẹnu kò lórí iye tí agbára yín ká.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìrètí ṣe tó, kó wá Common Data Set yunifásítì náà, kó wo abala C2. Ọ̀pọ̀ wọn ń kọ iye ọmọ tí a fi sínú ìwé ìdúró síbẹ̀, iye tó gbà láti dúró, àti iye tí wọ́n gbà níkẹyìn. Kí ó wo ti ọdún bíi mẹ́ta, torí iye náà a máa yàtọ̀ gan-an láti ọdún dé ọdún.

Bí wọn kò bá sì pè é ńkọ́? Ọ̀nà kan ò wọjà. Ọmọ lè kàwé fún ọdún kan tàbí méjì níbi tó wà, kó tún béèrè àyè láti ibẹ̀. Ní California, ọmọ tó wà ní community college lè bá ọ̀kan lára ẹ̀ka mẹ́fà ti University of California ṣe àdéhùn pé, bí ó bá mú gbogbo májẹ̀mú ṣẹ, wọn yóò gbà á.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo fi kádìí rẹ̀. Ní oṣù wọ̀nyí, ẹ má fi ọmọ yín wé ọmọ aládùúgbò. Lẹ́tà ìdúró ń sọ iye àyè tó wà ní yunifásítì kan. Kò sọ iye tí ọmọ yín jẹ́. Ilé tí a ti gbọ́ ìyẹn ni ọmọ ti lè dúró láìwárìrì.