Ìrora Nǹkan Oṣù àti Oògùn Tí Àwọn Ọ̀dọ́mọbìnrin Ń Lò

Ẹ lè máa ṣe kàyéfì pé kí ni ó kan olùkọ́ èdè nínú ọ̀rọ̀ oògùn. Ẹ fara balẹ̀.

Àwọn àgbà ní ohun tí ó bá ń dunni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ṣùgbọ́n ìrora kan wà tí ó ń dun ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin lóṣooṣù, tí kì í sí lọ́rọ̀ wọn rárá. Àdàpè ni orúkọ rẹ̀ pàápàá: a ní 'nǹkan oṣù'. Ọmọ tí ó ń jẹ ìrora rẹ̀ yóò kàn wí pé, 'Inú ń run mí.' Bẹ́ẹ̀ sì ni ìfun wà nínú, ilé-ọmọ náà wà nínú. Bí ó bá wí bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù olóògùn, ọ̀kan lè fún un ní oògùn aràn, òmíràn lè fún un ní ampísílìn. Oògùn apakòkòrò ni ampísílìn. Kòkòrò kọ́ ni ó sì ń fa ìrora yìí.

Kí ni ó ń fà á? Ara ilé-ọmọ ni ó ń pèsè èròjà kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní prostaglandin. Bí èyí bá pọ̀ jù, ilé-ọmọ yóò fún pinpin, ẹ̀jẹ̀ kò ní í ráyè ṣàn dáadáa, ìrora yóò sì dé. Ní ọdún 1971, John Vane, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn pé aspirin àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa dí ìpèsè èròjà náà lọ́wọ́. Ó wà lára àwọn tí a fún ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1982. Ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ náà ni ibuprofen. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a lò ó ní kété tí ìrora bá bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn oúnjẹ. Bí kì í bá ṣe dókítà ni ó pàṣẹ, àgbàlagbà kò gbọdọ̀ lò ju 1,200 miligíráàmù lọ láàárín wákàtí 24. Kí ẹni tí ó ní ọgbẹ́ inú, àìsàn kíndìnrín tàbí ikọ́ fée kọ́kọ́ bi dókítà léèrè.

Bí ìrora bá ń le sí i láti oṣù dé oṣù, tí oògùn kò ràn án, tí ọmọ kò lè lọ sí kíláàsì, ẹ má ṣe sọ fún un pé, 'Bó o bá bímọ, yóò lọ.' Ó lè jẹ́ àrùn endometriosis, níbi tí ohun tí ó jọ awọ inú ilé-ọmọ ti ń hù sí ìta rẹ̀. Iṣẹ́ dókítà nìyẹn, kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀bù.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ wa ní gbólóhùn yìí, lọ́kùnrin lóbìnrin, kí ó má baà jẹ́ ohun ìtìjú mọ́: 'Ìrora nǹkan oṣù ni ó ń ṣe mí, ọjọ́ báyìí ni ó bẹ̀rẹ̀, oògùn báyìí ni mo ti lò.' Ẹni tí ó bá lè sọ ọ́ tán ni a lè tọ́jú.