Kí Àwọn Ìtàn Wa Padà Sílé
Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ àkójọ ìtàn bá ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé wa ní Coolock

 

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé àwọn ìtàn àròsọ tí àwọn ará ilé wa fọwọ́ ara wọn kọ, tí a kó jọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, pòórá nígbà tí àwọn tó ń bá wa tọ́jú wọn kógbá wọlé láìsọ fún wa. A ti tún ilé àkójọ náà kọ́. Ilé ti dúró, àwọn tí yóò gbé inú rẹ̀ ló kù. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí ẹ dárúkọ ìtàn tí ẹ fẹ́ kí a kọ́kọ́ wá.

Ẹ dárúkọ wọn lóòótọ́! Àwọn ìyá kan tilẹ̀ ń sọ ìtàn Ìjàpá tó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ìgboro Dublin láìsanwó fún wa lórí fóònù, wọ́n ń sọ, àwa ń kọ. Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́ta tó sọ ọ́, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n gbà parí rẹ̀. Nítorí náà, bébà ni a ń wá: àwọn ẹ̀dà àtijọ́ ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ yìí, ìwé tí ẹ tẹ̀ jáde láti inú kọ̀ǹpútà, èyí tí ẹ fi ránṣẹ́ sílé. Àwọn ìtàn tí a rí gbà padà látinú kọ̀ǹpútà àtijọ́, àmì ìbéèrè ti gba ipò àwọn lẹ́tà olámì inú wọn. Obìnrin kan nínú ìtàn ní “?k? mi ti bàj?”. Ṣé ọkọ rẹ̀ ni àbí ọkọ̀ rẹ̀? Bébà nìkan ló lè dá wa lóhùn.

Kì í ṣe àwa la kọ́kọ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ní ọdún 1929, ìwé ìròyìn Akéde Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn lẹ́tà Ṣẹ̀gilọlá ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́ jáde, arẹwà Èkó tí àìsàn sọ di ẹdun arinlẹ̀, tó ń ròyìn ayé tó jẹ. Àwọn òǹkàwé ń kọ̀wé sí olóòtú, ọ̀pọ̀ gbà pé ènìyàn gidi ni. Àṣé olóòtú fúnra rẹ̀, Isaac Babalọlá Thomas, ló ń kọ ọ́. Ó di ìwé ní 1930. Nígbà tó yá, àwọn tó gbọ́ orúkọ ìwé náà pọ̀ ju àwọn tó rí i kà lọ, títí Ọ̀jọ̀gbọ́n Karin Barber fi tún un tẹ̀ jáde ní 2012. Bí kò bá sí ẹni tó tọ́jú ohun tí Thomas tẹ̀ pamọ́, kí ni wọn ì bá rí tún tẹ̀?

Àwọn kan tún wà lágbàáyé tí wọ́n ń mú ẹ̀dá ìtàn inú fíìmù tàbí ìwé tí wọ́n fẹ́ràn, tí wọ́n ń fi kọ ìtàn tiwọn, kì í ṣe fún owó. Ilé àkójọ wọn, Archive of Our Own, ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ayé ní 2009. Wọ́n ní ẹ̀ka kan, Open Doors, tó ń gba àwọn àkójọ tó fẹ́ kú sọ́dọ̀. Wọn a máa wá òǹkọ̀wé kàn, ẹni tí kò bá sì fẹ́ kí ìtàn òun wà níbẹ̀, wọn a yọ ọ́. Ìlànà yìí ni a mú.

Ó sì ti dùn wá. Ìtàn tí ẹ béèrè fún jù lọ, èyí tó dá lórí ìyá kan nínú ilé àwọn tó ń wá ààbò, kò ní padà. Àǹtí tó kọ ọ́ gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí ìjọba Ireland dá ètò náà sílẹ̀ ní 2000. Wọ́n ní àwọn ọmọ àwọn ti dàgbà, wọ́n ti ń ka Yorùbá dáadáa, àwọn kò sì fẹ́ kí wọ́n bá ohun tí àwọn kò tíì fẹnu ara àwọn sọ fún wọn pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ ní ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti balẹ̀, gbogbo wa la ti kà á. A jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìtàn náà dára ju gbogbo èyí tí a ní lọ, a kò ní parọ́ fún yín. Síbẹ̀, àwọn ló ni ín. Bí bébà rẹ̀ bá wà nílé yín, ẹ fi í síbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yà á ní fọ́tò sórí WhatsApp.

Ní ti ìyókù, a kò ní tún èdè ẹnikẹ́ni ṣe. Ẹni tó fi Ìjẹ̀ṣà kọ ọ́, Ìjẹ̀ṣà ni yóò wà.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ̀yin ni a fẹ́ kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Láàárín 1937 sí 1939, àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ilẹ̀ yìí gba ìtàn lẹ́nu àwọn àgbà, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ojú ìwé rẹ̀ tó bí 740,000, University College Dublin ló ń tọ́jú rẹ̀. Tiwa kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún rẹ̀, ẹ má bẹ̀rù.

Ẹ kó bébà yín wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, kí ẹ kọ orúkọ yín sẹ́yìn rẹ̀. A ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ níbẹ̀, ẹ ó sì mú tiyín lọ sílé lọ́jọ́ náà.