Ìtọ́jú Àgbà Kì í Ṣe Ti Ọjọ́ Ìsìnkú

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ìkéde ẹgbẹ́ wa bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àwọn àgbẹ̀ sọ ní Ìlá Ọ̀ràngún



Ọ̀rọ̀ àwọn arúgbó wa ni a mú wá, àwọn tí wọ́n wà ní Ìlá, ní Òkè-Ìlá, ní Ọ̀rà, àti ní gbogbo abúlé Ìgbómìnà tí ó wà nínú Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ohun tí a fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: ìtọ́jú àgbà gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àgbà ṣì ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, àdúgbò tí ó ń gbé ni ó sì yẹ kí ìtọ́jú náà ti bá a.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí a ti ń ṣe é nísinsìnyí. Bàbá wà láàyè, ẹnikẹ́ni kò wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ rí. Ìyá kò ríran dáadáa mọ́, a ní ọjọ́ orí ni. Ó ń ṣubú ní àgbàlá, a ní kí ó jókòó sí ojú kan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, apá kan àti ẹsẹ̀ kan kú mọ́ ọn lára, ilé dàrú, a sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ó bá sì kú, àwọn kan yóò ní aráyé ni ó ṣe é. Ìgbà náà ni owó ń jáde: owó màlúù, owó aṣọ ẹbí, owó onílù. A kò sọ pé kí a má sin àgbà tẹ̀yẹtẹ̀yẹ, nítorí àṣà wa ni. Ṣùgbọ́n owó màlúù kan ṣoṣo tó ra ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fún agbo ilé púpọ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dunni ní ìbẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni ewu rẹ̀ wà. Ẹni tí ó ní in lè máa kọ ebè, kí ó máa jẹun, kí ó sì máa ṣeré pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Bí a bá wọ̀n ọ́n ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí nọ́mbà òkè ń jẹ́ 140 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí nọ́mbà ìsàlẹ̀ ń jẹ́ 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó yẹ kí onítọ̀hún lọ rí oníṣègùn. Òògùn rẹ̀ jẹ́ èyí tí a ń lò lójoojúmọ́. Púpọ̀ nínú àwọn arúgbó wa ń jù ú sílẹ̀ nígbà tí ara bá ti tù wọ́n, láìmọ̀ pé òògùn náà ni ó tù wọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ojú. Funfun tí ń dí ìríran nínú ẹyin ojú ṣeé mú kúrò, ṣùgbọ́n àrùn ojú mìíràn wà tí ń jí ìríran lọ díẹ̀díẹ̀ láìdunni, èyí tí ó bá sì ti lọ kò ní padà mọ́. Láti òkèèrè ni olójú jínjìn ti ń mẹ́kún sun.

Kì í ṣe ọ̀nà jíjìn ni a ó ti lọ kọ́ ọgbọ́n bí a ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ní agbègbè tí àwọn baba wa ti dara pọ̀ mọ́ Èkìtì Parapọ̀ nínú ogun Kírìjí, ni a ti rí àpẹẹrẹ rẹ̀. Láàrin ọdún 1956 sí 1961, oníṣègùn òyìnbó kan tí ń jẹ́ David Morley, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, rí i pé àwọn ọmọdé ń kú nípa àrùn tí ó ṣeé dènà. Kò dúró kí wọ́n máa gbé wọn wá bá òun. Ó gbé ìtọ́jú lọ bá wọn ní ìlú wọn. Àwọn nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Wọ́n ń wọn ọmọ nígbà gbogbo, wọ́n ń kọ ìwọ̀n rẹ̀ sórí káàdì, ìyá ọmọ fúnra rẹ̀ ni ó sì ń tọ́jú káàdì náà sílé. Bí ìlà orí káàdì bá dẹ́kun àtigòkè, ìyá àti nọ́ọ̀sì mọ̀ pé ewu ń bọ̀, kí àìsàn tó dá ọmọ náà wólẹ̀. Ikú ọmọdé dínkù ní Ìmẹ̀sí-Ilé, irú káàdì náà sì tàn ká orílẹ̀-èdè púpọ̀.

Ìbéèrè wa nìyí: ohun tí a ṣe fún ọmọ, èé ṣe tí a kò lè ṣe é fún òbí? Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu.

Ẹ jẹ́ kí arúgbó kọ̀ọ̀kan ní káàdì tirẹ̀. Nínú ìwé ìtọ́sọ́nà kan tí Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ̀ jáde ní ọdún 2019, ohun mẹ́fà ni wọ́n ní kí a máa wò lára àgbà: bí ó ti ń rántí nǹkan, bí ó ti ń rìn, bí ó ti ń jẹun, bí ó ti ń ríran, bí ó ti ń gbọ́ràn, àti bí inú rẹ̀ ti rí. Kí a fi ẹ̀jẹ̀ ríru, òògùn tí ó ń lò, àti orúkọ ẹni tí a ó ké sí bí ọ̀ràn bá dé kún un. Ẹ má ṣe fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ inú. Ìwádìí tí àwọn oníṣègùn Ìbàdàn ṣe láàrin àwọn Yorùbá ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ, tí Ọ̀ṣun wà nínú wọn, bá 2,152 ènìyàn tí wọ́n ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sọ̀rọ̀. Èsì rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2007 fi hàn pé bí ènìyàn méje nínú ọgọ́rùn-ún ni ìbànújẹ́ tí ó di àìsàn ti bá jà láàrin ọdún kan. Ẹni tí a kì í kí, tí a kì í bá jẹun, àìsàn ń ṣe é.

Ta ni yóò ṣe iṣẹ́ yìí? Àwọn nọ́ọ̀sì àti olùkọ́ tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì wà láàrin wa. Kí agbo ilé kọ̀ọ̀kan yan ọ̀dọ́ méjì tí wọn yóò kọ́ bí a ti ń lo ẹ̀rọ, tí wọn yóò máa yà kí arúgbó, kí wọ́n wo bóyá ó jẹun, bóyá ó lo òògùn, bóyá ilẹ̀ ilé ìwẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀. Wọn kò gbọdọ̀ júwe òògùn fún ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ wọn ni láti rí ewu kí wọ́n sì kéde rẹ̀. Kí a mú ọjọ́ kan lóṣù tí ó bá ọjọ́ ọjà ṣe déédéé, kí nọ́ọ̀sì ìjọba ìbílẹ̀ jókòó níbẹ̀, kí ó sì lọ sí ilé ẹni tí kò lè rìn.

Àwọn kan yóò sọ pé iṣẹ́ ọmọ ni èyí, kì í ṣe ti ìlú. A gbà pé iṣẹ́ ọmọ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ wà ní Èkó, òmíràn wà ní Ìbàdàn, òmíràn wà lẹ́yìn òkun. Owó tí ó ń fi ránṣẹ́ dára, ṣùgbọ́n owó kì í kan ilẹ̀kùn ní òwúrọ̀ láti béèrè bóyá a jí dáadáa.

Àwọn mìíràn yóò béèrè ohun tí ìjọba ń ṣe. Ní Èkìtì, ní ọdún 2011, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn arúgbó ní 5,000 náírà lóṣooṣù. Nígbà tí ìjọba yí padà ní ọdún 2014, owó náà dáwọ́ dúró. Ní Ọ̀ṣun níhìn-ín, ìjọba tí ó wà lórí oyè láti ọdún 2010 sí 2018 fún àwọn arúgbó aláìní ní 10,000 náírà lóṣooṣù lábẹ́ ètò tí wọ́n pè ní Àgbà Ọ̀ṣun. A yìn ín. Ṣùgbọ́n ohun tí ó rọ̀ mọ́ ọrùn ìjọba kan ṣoṣo lè bá ìjọba náà lọ.

Òfin pàápàá wà. Ìpín 16 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 sọ pé kí ìjọba pèsè ìtọ́jú ọjọ́ ogbó fún gbogbo ọmọ ilẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ìpín 6 inú òfin kan náà kò jẹ́ kí a pe ìjọba lẹ́jọ́ bí kò bá ṣe é. Àfikún Kẹrin sì ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀: ní ẹsẹ kan náà, ó ní kí wọ́n ṣe itẹ́ òkú, kí wọ́n sì ṣe ilé fún àwọn tálákà àti àwọn aláìlera. Ẹ̀yin ará, itẹ́ òkú ni a rántí. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Nítorí náà, ẹ mọ ẹnu ọ̀nà tí ó yẹ kí a kàn. Ohun tí adájọ́ kò lè gbà fún wa, ohùn wa àti ìbò wa ni yóò gbà á.

Nítorí náà, a ń bẹ ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan láti ṣe ohun mẹ́ta. Kí ẹ kọ orúkọ gbogbo arúgbó tí ó wà ní àdúgbò yín sílẹ̀, bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe béèrè ẹgbẹ́ tí ó ń dìbò fún, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru kò mọ ẹgbẹ́. Kí ẹ dáwó ra ẹ̀rọ, kí ẹ sì tẹ káàdì. Kí ẹ kọ ìwé sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ ní Ìlá àti ní Ìfẹ́dáyọ̀ tí ẹ bá wà níbòmíràn, láti béèrè nọ́ọ̀sì kan fún ọjọ́ kan lóṣù, kí ẹ sì máa béèrè títí wọn yóò fi dáhùn.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Àgbà tí a bá dì mú lónìí kí ó má ṣubú ni yóò jókòó láàrin wa ní ọdún tí ń bọ̀, tí yóò sì gbàdúrà fún wa.