Ìbò Tí Ìjọba Kò Pè

 

Ìbéèrè kan ni mo gbé wá. Bí ọjà bá wọ́n, tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹni, tí ìjọba kò sì bi mẹ̀kúnnù léèrè ohun tó fẹ́, ṣé mẹ̀kúnnù lè bi ara rẹ̀? Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ orílẹ̀-èdè Ajẹntínà ṣe é ní ọdún 2001.

Lọ́dún náà, nínú òṣìṣẹ́ 100 ní àwọn ìlú ńlá wọn, ó ju 18 lọ tí kò ríṣẹ́ ṣe. Nígbà tí oṣù Kejìlá wọlé, ìjọba ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbà ju 250 pésò lọ lọ́sẹ̀ nínú owó ara rẹ̀ ní báǹkì. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní CTA ti para pọ̀ mọ́ àwọn oníṣòwò kéékèèké àti àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn. Wọ́n gbé àpótí ìbò síta láti ọjọ́ 14 sí ọjọ́ 17 oṣù náà. Ohun tí wọ́n ní kí aráàlú dìbò lé lórí ni pé kí ìjọba máa san 380 pésò lóṣù fún olórí ilé tí kò níṣẹ́, àti 60 fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Òfin kò pa ìbò náà láṣẹ. Síbẹ̀, ìbò tí wọ́n kà lé ní mílíọ̀nù 3.

N kò sọ pé ìbò ló dá ohun tó tẹ̀ lé e sílẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 19 àti 20, ìlú gbiná. Ó ju ènìyàn 30 lọ tó kú. Ààrẹ de la Rúa kọ̀wé fipò sílẹ̀. Ní ọdún 2002, ìjọba tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó fún olórí ilé tí kò níṣẹ́, ṣùgbọ́n 150 pésò ni, iye pésò náà sì ti já wálẹ̀ gan-an.

Àwa náà mọ irú rẹ̀. Ní ọdún 1985, ìjọba Babangida ní kí ọmọ Nàìjíríà sọ bóyá kí a yá owó IMF. Aráàlú ní àwọn kò fẹ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ìjọba ní òun gbọ́, òun kò ní yá a. Nígbà tó di 1986, SAP dé, náírà já wálẹ̀. Ohun tí a lé jáde lẹ́nu ọ̀nà gba ojú fèrèsé wọlé.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí níbẹ̀ ni pé ìbò ń fi iye wa hàn, ṣùgbọ́n kò lè ṣọ́ ara rẹ̀. Ẹni tó dìbò tán tó lọ sùn, ìdajì ohun tó béèrè ni wọn yóò fún un, bí wọ́n bá tilẹ̀ fún un rárá. Bí ẹ̀ka wa bá fẹ́ dìbò lórí ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí ìbéèrè náà yé gbogbo wa, kí a ka ìbò ní gbangba. Kí a tó kà á pàápàá, kí a ti yan ẹni tí yóò gbé èsì rẹ̀ tọ ọ̀gá lọ, kí a sì dá ọjọ́ tí yóò padà wá jábọ̀ fún wa.

Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí.