Àríwá Méjì Tí Atukọ̀ Gbọ́dọ̀ Mọ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá gbé kọ́ńpáàsì sórí tábìlì ní ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ tí ó kún Ìlúpéjú, tí ó sì rọra sún un mọ́ ẹ̀rọ onírin, abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ yóò yà kúrò níbi tí ó kọjú sí. Irin ni ó fà á. Ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú kún fún irin. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pe amọ̀ṣẹ́ láti wá tún kọ́ńpáàsì ọkọ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n àṣìṣe mìíràn wà tí amọ̀ṣẹ́ kankan kò lè mú kúrò, nítorí pé inú ilẹ̀ ayé fúnra rẹ̀ ni ó ti wá.

Àríwá méjì ni ó wà. Èkíní ni àríwá tòótọ́, èyí tí wọ́n fi ya máàpù. Èkejì ni àríwá òòfà, ìhà tí òòfà inú ayé ń fa abẹ́rẹ́ sí. Àlàfo tí ó wà láàárín méjèèjì ni ìyàtọ̀ òòfà. Kì í ṣe iye kan náà níbi gbogbo. Edmond Halley, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ ọkọ̀ Paramore kiri òkun Àtìláńtíìkì láàárín 1698 sí 1700 láti wọn ìyàtọ̀ yìí, ó sì tẹ máàpù rẹ̀ jáde ní 1701.

Ìyàtọ̀ náà kì í dúró lójú kan pẹ̀lú. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ̀rí rẹ̀ wà ní pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà, tí kò jìnnà sí Ìlúpéjú. Ìhà tí kọ́ńpáàsì fi hàn ni wọ́n fi ń sọ ojú ọ̀nà bàálù lórúkọ. Ní 1969, 19 ni orúkọ ojú ọ̀nà tí bàálù tí ó ń ti àríwá bọ̀ ń bà lé. Lónìí, 18 ni. Ilẹ̀ Ìkẹjà kò yí. Òòfà ni ó rìn. Ní Èkó lóde òní, ìyàtọ̀ náà wà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, kò sì ju nǹkan bíi dígírì 2 lọ.

Báwo ni atukọ̀ ṣe ń lò ó? Bí ìyàtọ̀ bá wà ní ìwọ̀-oòrùn, kí ó rò ó mọ́ iye tí ó wà lórí máàpù kí ó tó tukọ̀. Bí ó bá wà ní ìlà-oòrùn, kí ó yọ ọ́ kúrò. Bí ó bá ń ti orí kọ́ńpáàsì padà sórí máàpù, kí ó ṣe òdìkejì.

Ẹ jẹ́ kí atukọ̀ kan gbéra ní òkun Kútọnu, kí ó máa bọ̀ ní Èkó. Ìrìn náà tó nǹkan bíi máìlì òkun 60. Ìlà-oòrùn gan-an, dígírì 90, ni ó fẹ́ tọ̀, ilẹ̀ sì wà ní máìlì 5 sí apá òsì rẹ̀. Ìyàtọ̀ jẹ́ dígírì 2 ní ìwọ̀-oòrùn, nítorí náà 92 ni ó yẹ kí ó máa wò lójú kọ́ńpáàsì. Bí ó bá ṣèèṣì yọ 2 dípò kí ó rò ó mọ́ ọn, 88 ni yóò wò, ọkọ̀ yóò sì tọ 86. Àṣìṣe ti di ìlọ́po méjì.

Kí a tún wí pé máàpù àtijọ́ ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n kọ dígírì 8 sí, tí ó sì yọ ọ́. Yóò wo 82, ọkọ̀ yóò sì tọ 80. Dígírì kan ń mú ọkọ̀ yà ní nǹkan bíi máìlì kan nínú máìlì 60. Dígírì 10 yóò mú un yà ní máìlì 10. Kí ó tó rin ìdajì ọ̀nà tán ni yóò ti forí sọ iyanrìn, ní agbègbè Àgbádárìgì.

Ẹlòmíràn lè wí pé sátẹ́láìtì ti gba iṣẹ́ yìí ṣe. Ṣùgbọ́n iná mànàmáná lè kú nínú ọkọ̀. Nítorí èyí ni àdéhùn àgbáyé lórí ààbò ẹ̀mí lójú òkun fi pàṣẹ pé kí ọkọ̀ ní kọ́ńpáàsì tí kò gbẹ́kẹ̀ lé iná. Ọdún márùn-ún márùn-ún ni àwọn onímọ̀ ń tún ìṣirò òòfà ayé ṣe. Kí atukọ̀ wo ọdún tí wọ́n kọ sára máàpù rẹ̀, kí ó ṣírò bí ìyàtọ̀ ti ń yí lọ́dọọdún, lẹ́yìn náà kí ó bi ara rẹ̀ léèrè: ìlà-oòrùn ni, àbí ìwọ̀-oòrùn? Abẹ́rẹ́ kì í purọ́. Ẹni tí kò mọ èdè rẹ̀ ni yóò ṣìnà.