Ṣúgà àti Ọ̀rá nínú Ẹ̀jẹ̀ Alátọ̀gbẹ



Bí a bá dárúkọ àtọ̀gbẹ, ohun tí ó máa ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ìtọ̀ tí èèrà ń rọ́ tọ̀. Nítorí náà ni inú aláìsàn fi máa ń dùn nígbà tí wọ́n bá sọ fún un pé ṣúgà rẹ̀ ti wálẹ̀. Ó tọ́ kí inú rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n àrùn ọkàn àti ti òpó ẹ̀jẹ̀ ni ó ń pa alátọ̀gbẹ jù lọ, ọ̀rá sì lọ́wọ́ nínú rẹ̀.

Gbogbo wa ni a ti gbọ́ pé ínsúlìn ni ó ń ṣílẹ̀kùn iṣan ara fún ṣúgà. Iṣẹ́ rẹ̀ kejì ni a kì í sábà sọ: òun náà ni ó ń dá ọ̀rá tí ara tò jọ dúró kí ó má baà tú wọ inú ẹ̀jẹ̀. Nínú àtọ̀gbẹ oríṣi kejì, èyí tí ó wọ́pọ̀ lára àwọn àgbàlagbà, ara ti kọ etí ikún sí àṣẹ ínsúlìn. Ṣúgà ń rìn gbéregbère nínú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀rá náà já okùn, ó ń wọ́ lọ sínú ẹ̀dọ̀. Ẹ̀dọ̀ a kó o pọ̀ mọ́ èyí tí òun fúnra rẹ̀ ń fi ṣúgà àjẹjù ṣe, a dì í ní ẹrù, a sì tún tú u sínú ẹ̀jẹ̀. Èyí ni wọ́n ń pè ní traigílísẹ́ráìdì. Bí ó ti ń pọ̀ sí i ni kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù rere ń dín kù.

Èyí tí ó jẹ́ búburú ńkọ́? Níbẹ̀ ni ẹ̀tàn wà. Iye rẹ̀ lórí ìwé àyẹ̀wò lè má ga ju ti ẹlòmíràn lọ, ṣùgbọ́n hóró rẹ̀ ti kéré, ó sì ti ki. Ó rọrùn fún un láti wọ ògiri òpó ẹ̀jẹ̀ kí ó sì dì síbẹ̀.

Ní 1977, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní ilẹ̀ Bìrìtéènì lórí ènìyàn 5,102 tí àtọ̀gbẹ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ mú. Èsì rẹ̀ ní 1998 fi hàn pé kíkó ṣúgà níjàánu dín àìsàn òpó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké, irú èyí tí ó ń ba ojú àti kíndìnrín jẹ́, kù ní ìdá 25 nínú 100. Ti ọkàn kò dín kù tó ohun tí a lè fọwọ́ sọ̀yà lé. Ó di 2008 kí àǹfààní ibẹ̀ tó hàn gbangba. Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe kékeré fún ẹni tí òpó ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń dí lọ.

Ẹ wá fi èyí wé ìwádìí mìíràn tí èsì rẹ̀ jáde ní 2004, lórí alátọ̀gbẹ 2,838 tí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù wọn kò ga púpọ̀. Oògùn ọ̀rá ni wọ́n fún apá kan nínú wọn, kì í ṣe oògùn ṣúgà. Láàrin ọdún mẹ́rin, ìkọlù ọkàn, rọpárọsẹ̀ àti irú wọn fi ìdá 37 nínú 100 dín kù.

Àwọn kan a máa di gbogbo ẹ̀bi ru epo pupa. Kò sí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù nínú epo pupa. Ẹ̀dọ̀ wa ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù. Síbẹ̀, irú ọ̀rá tí ó wà nínú epo náà, bí a bá jẹ ẹ́ lájẹjù, a máa mú kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù búburú pọ̀ sí i.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ní àtọ̀gbẹ, nígbà tí wọ́n bá gba ẹ̀jẹ̀ yín fún ṣúgà, ẹ ní kí wọ́n wo ọ̀rá rẹ̀ pẹ̀lú. Olóòtú, mo rí i pé ẹnìkan ti nawọ́. Ẹ jẹ́ kí á gbọ́ ìbéèrè rẹ̀.